Ta Ló Ti Kọ Nípa Rẹ̀?

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, àbúrò mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọmọ àbúrò ìyá mi ni. Àkànrán ló ń gbé, iṣẹ́ tíṣà ló sì ń ṣe. Ohùn náà gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ẹni tó bá fi ohùn ìṣẹ́jú mẹ́rin ránṣẹ́ lóru, owó ló fẹ́ yá, àbí ó fẹ́ tọrọ ohun tó ju owó lọ. Ó kí mi, ó kí ìyàwó mi, ó kí àwọn ọmọ, ó béèrè bóyá wọ́n ti mú iná wá ní àdúgbò wa. Ìgbà tó kí wa tán ló wá là á mọ́lẹ̀: "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé podcast mi sórí Wikipedia. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe."

Òótọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì, níbi tí mo ti kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ni mo ti ń ṣàtúnṣe àyọkà lórí Wikipedia, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá. Kóòdù ni mo ń kọ jẹun, fún ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò fojú rí ọ́fíìsì wọn rí. Wikipedia ni mo fi ń sinmi. Àwọn kan ń wo bọ́ọ̀lù. Èmi, àríyànjiyàn lórí bóyá kí wọ́n pa àyọkà kan rẹ́ ni mo máa ń jókòó kà, tí màá tún dá sí i.

Ìdí tí àbúrò mi fi fẹ́ ẹ kò burú. Ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ kan tó ń fún àwọn ọ̀dọ́ ní owó ìrànwọ́, fọ́ọ̀mù wọn sì béèrè pé níbo ni àwọn ti lè kà nípa iṣẹ́ rẹ̀. Kò rí nǹkan kan kọ síbẹ̀. Ó ní òun fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo, òun wò ó, ojú ti òun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí podcast náà ṣe rí. Fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti sán ló fi ń gba ohùn sílẹ̀. Ó gé fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú páálí Indomie, inú páálí yẹn ló ń gbé fóònù sí kí ohùn má baà máa dún bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga. Tí ilé-ìwé bá ti tú nírọ̀lẹ́, á gun ọ̀kadà pẹ̀lú páálí rẹ̀ lọ bá àwọn àgbàlagbà nílé wọn. Apá 23 ló ti ṣe láàrin ọdún méjì. Nínú apá kan, bàbá kan ń ka orúkọ àwọn abúlé tó wà lójú ọ̀nà oko bàbá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó ti tú àti èyí tó ṣì ń dáná. Nínú òmíràn, ìyá kan ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi ewé di obì kó má baà gbẹ, kí kòkòrò má sì jẹ ẹ́ títí oníbàárà yóò fi dé. Ogójì ìṣẹ́jú lórí obì! Mo gbọ́ ọ tán kí n tó rí i pé ìrẹsì mi ti tutù. Èyí tí èèyàn gbọ́ jù nínú gbogbo rẹ̀, 212 ni iye ẹni tó gbọ́ ọ. Púpọ̀ nínú ìyókù kò tó 40.

Mi ò ní dárúkọ podcast náà níbí. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Wikipedia bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2001, ẹnikẹ́ni ló sì lè kọ nǹkan sínú rẹ̀. Nítorí pé ẹnikẹ́ni lè kọ, wọ́n ṣe òfin nípa ohun tó yẹ kó ní àyọkà tirẹ̀. Ti ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó le jù. Wọn kì í béèrè bóyá nǹkan náà dára, tàbí bóyá ó wúlò fún ọmọ aráyé. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, ta ló ti kọ nípa rẹ̀? Ẹni náà gbọ́dọ̀ ṣeé gbára lé, bí ìwé ìròyìn tó ní olóòtú tàbí ìwé tí ilé ìtẹ̀wé gidi tẹ̀ jáde. Ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ débi tó nítumọ̀, kì í ṣe kó kàn dárúkọ rẹ̀ kọjá. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí, ọ̀rẹ́, tàbí ẹni tí wọ́n sanwó fún. Èmi tí mo ń kọ kóòdù, ó rọrùn fún mi láti yé e: bí ẹ̀rí bá tó, gbà á, bí kò bá tó, dá a padà. Ìlà méjì péré.

Àwọn èèyàn wa máa ń bú òfin yìí pé ìwà òyìnbó ni. Èmi kì í bú u, torí mo ti rí ohun tó ń lé sẹ́yìn. Mo ti rí ọmọ ọdún méjìlélógún tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ márùn-ún, tó kó ìròyìn mẹ́fà wá ṣe ẹ̀rí, tí ìròyìn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, títí kan ibi tí wọ́n ti ṣi sípẹ́lì kọ. Mo ti rí olórin tó ní orin kan ṣoṣo, àyọkà rẹ̀ sì gùn ju ti ìlú rẹ̀ lọ. Èmi fúnra mi ni mo dábàá pé kí wọ́n pa àwọn kan nínú wọn rẹ́. Ọjọ́ méje ni wọ́n máa ń fi jiyàn lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń jiyàn dáadáa. Àwa tí à ń ṣàtúnṣe kò ní akọ̀ròyìn tí a lè rán lọ wádìí. Bí kò bá sí ẹlòmíràn tó ti kọ nípa nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ni ín nìkan la fẹ́ tẹ̀ jáde yẹn. Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìpolówó?

Nítorí náà, mi ò kọ́kọ́ dá àbúrò mi lóhùn. Mo lọ wá ẹ̀rí. Nǹkan mẹ́ta ni mo rí. Àkọ́kọ́ ni ojú-ìwé Facebook tirẹ̀. Èkejì, búlọ́ọ̀gù kan gbé ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ nípa podcast náà jáde láì yí kọ́mà kan padà. Ẹ̀kẹta, ẹnìkan to orúkọ àwọn podcast Yorùbá tó yẹ kí èèyàn máa gbọ́, ti àbúrò mi wà níbẹ̀, ìlà kan. Ó sọ fún mi pé ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn pe òun ní ìgbà kan, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ní, ohùn rẹ̀ dà? Ó ní wọn ò tọ́jú rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní wọ́n tọ́jú rẹ̀, òun ló ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn kan máa rò pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wàhálà náà. Rárá o. Òfin náà gba ìwé Yorùbá, ó sì gba ìwé tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí Aláròyé bá kọ ojú-ewé kan nípa rẹ̀, ẹ̀rí ni, kódà bó bá jẹ́ pé inú ilé ìkàwé kan ṣoṣo ni ẹ̀dà tó kù wà. Láti ọdún 1859 tí Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn l'Ábẹ́òkúta ni a ti ń ka ìwé ìròyìn lédè wa. Àmọ́ mélòó ló kù tó ń jáde lónìí? Nínú àwọn tó kù, ta ni wọ́n fẹ́ rán lọ sí Àkànrán láti lọ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń di obì?

Ní Sátidé, mo wọkọ̀ lọ bá a. Mo gba Ọlọ́runṣògo, mo gba Amúlóko. Mo fẹ́ sọ fún un lójú-korojú, torí irú ọ̀rọ̀ yìí, téèyàn bá sọ ọ́ lórí fóònù, ó máa ń dà bí ìgbéraga.

Ó gbọ́ mi tán, kò bínú. Ó fi fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní kí n gbọ́ apá kẹsàn-án. Mi ò tíì gbọ́ ìyẹn, ojú nǹkan bí márùn-ún ni mo ṣì gbọ́. Ohùn tó kọ́kọ́ jáde ni ti ìyá àgbà wa. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tó gbà á sílẹ̀ ni ìyá àgbà kú. Mo wà níbi ìsìnkú, mo náwó, mo jó, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ohùn rẹ̀ wà níbì kan. Fọ́tò rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ohùn kò sí, àfi ìgbà kan tó ń pariwo pé kí n gbé kámẹ́rà kúrò lójú òun.

Ìgbà ọ̀tẹ̀ owó-orí ló ń sọ nínú apá náà. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀: ní ìparí ọdún 1968 ni àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn gbérí pé àwọn ò lè san owó-orí tí ìjọba ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ń béèrè mọ́. Owó kòkó kò pé, ọ̀nà kò dára, àwọn akódà àti wolé-wolé sì ń fi ojú wọn rí màbo. Àgbẹ̀kọ̀yà ni wọ́n ń pè wọ́n. Táfà Adéoyè tó jẹ́ aṣáájú wọn, Àkànrán yìí ló ti wá. Ẹ̀mí ṣòfò, ti àgbẹ̀ àti ti ìjọba. Ní oṣù Keje ọdún 1969, wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Ọláyọdé. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n kó àwọn èèyàn wọn jáde. Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ kọmíṣọ́nà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ìṣúná nígbà náà, wá bá Táfà sọ̀rọ̀. Níkẹyìn, wọ́n dín owó-orí kù sí pọ́n-ùn méjì lọ́dún.

Ìyá àgbà kò sọ ìkankan nínú èyí. Ohun tó sọ ni pé òun máa ń di ẹ̀bà sínú ewé, òun á fi ẹrù igi bò ó lórí, òun á gba ẹ̀yìnkùlé lọ sínú igbó tí àwọn ọkùnrin wà. Ó ní lọ́jọ́ kan òun pàdé ṣọ́jà, wọ́n ní kí òun sọ ẹrù kalẹ̀. Òun sọ fún wọn pé tí òun bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àwọn ni wọ́n máa bá òun gbé e rù padà. Wọ́n ní kí òun máa lọ. Ó wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló mú kí n jáde lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò fúngbà díẹ̀.

Ìgbà tí mo padà wọlé ni àbúrò mi béèrè ìbéèrè tí mi ò rí dáhùn títí di òní. Ó ní, "Bọ̀dá mi, Àgbẹ̀kọ̀yà ní àyọkà lórí Wikipedia, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ta ló kọ ẹ̀rí tó wà nídìí rẹ̀?" Mo dárúkọ àwọn tí mo rántí: Tunde Adeniran kọ nípa ọ̀tẹ̀ náà nínú jọ́nà kan ní 1974; Christopher Beer kọ odidi ìwé nípa ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn, Ibadan University Press ló tẹ̀ ẹ́ ní 1976. Ó mi orí. "Ta ló kọ nípa Táfà kí ìbọn tó dún?"

Mo dákẹ́. Gbogbo ọdún tí àwọn àgbẹ̀ Àkànrán fi ń gbin kòkó, tí wọ́n ń sanwó, tí akódà ń gbá wọn létí, kò sẹ́ni tó rán akọ̀ròyìn sí wọn. Iná ló mú wọn wọ inú ìwé. Òfin wa lórí Wikipedia kò ṣègbè, àmọ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn bá ti gbé wá fún un ló ń yẹ̀ wò. Àwọn ẹlòmíràn yẹn kì í sì wá síbi tí nǹkan ò bá ti jó.

Kì í ṣe ìlú wa nìkan nìyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, wọ́n dá àyọkà kan padà ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, nípa Donna Strickland, onímọ̀ físíìsì ará Kánádà, pé ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, obìnrin yìí gba ẹ̀bùn Nobel. Gbogbo ayé bú ẹni tó dá a padà. Èmi káàánú rẹ̀, torí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ló ṣe. Àwọn ìwé ìròyìn tí kò kọ nípa rẹ̀ kó tó gba ẹ̀bùn, ẹni díẹ̀ ló bú wọn.

Mo gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2011, Achal Prabhala àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí àwọn abúlé ní Íńdíà àti Gúúsù Áfríkà, wọ́n gba ohùn àwọn èèyàn sílẹ̀, wọ́n sì fi ohùn náà ṣe ẹ̀rí nínú àyọkà lórí àwọn nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé rí. Èrò tó dáa gan-an ni, àmọ́ kò di òfin tí gbogbo ènìyàn gbà. Bó bá tiẹ̀ dì í, ohun tó lè ṣe ni kí podcast àbúrò mi jẹ́ ẹ̀rí nínú àyọkà nípa obì. Kò sọ pé kí podcast náà fúnra rẹ̀ ní àyọkà.

Ọ̀nà kan ṣì wà o, mo sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ka èdè kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀. Ẹ̀ka Yorùbá ní àyọkà tó lé ní 30,000, àmọ́ àwa tí à ń wọlé síbẹ̀ déédéé kò pọ̀, àyọkà onígbólóhùn kan sì kún ibẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ lóru, ó ṣeé ṣe kó pé ọdún mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Alẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, mo ṣí ojú-ìwé tuntun. Mo kọ ìpínrọ̀ mẹ́rin. Mo kọ ọ́ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni, mo dárúkọ páálí Indomie pàápàá. Ìka mi wà lórí bọ́tìnì.

Mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo wo ohun tí mo kọ, mo rí i pé kò sí ìlà kan níbẹ̀ tí mo lè sọ ibi tí mo ti rí i, àfi pé mo jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Ọmọ-ọmọ ẹni tó wà ní apá kẹsàn-án ni mí. Ọmọ ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ márùn-ún yẹn náà ní bọ̀dá tó fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá gba ti tèmi wọlé, pẹ̀lú ojú wo ni màá fi lé tirẹ̀ jáde?

Ìdí tí mi ò fi dárúkọ podcast náà nínú àròkọ yìí náà nìyẹn. Ìwé àtìgbàdégbà tó ní olóòtú ni ẹ̀ ń kà yìí. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ẹnìkan máa gbé e lọ síbẹ̀ lọ́la pé ẹ̀rí dé. Ẹbí ló kọ ọ́, kò ka.

Ohun tí a wá ṣe ni pé mo ní kó kó ohùn náà sí Wikimedia Commons, ibi tí wọ́n ń tọ́jú fọ́tò àti ohùn sí, tí wọn kì í béèrè pé ta ló ti kọ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó nǹkan síbẹ̀ ní láti fún gbogbo ayé láṣẹ láti lò ó, kódà láti fi pawó. A lọ bá àwọn àgbàlagbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí àwọn ọmọ wọn. Púpọ̀ gbà. Bàbá tó ka orúkọ abúlé ní kí a tètè ṣe é, pé òun ti gbàgbé méjì kún èyí tó ti tú. Nígbà tó kan ti ìyá àgbà, a pe ìpàdé ẹbí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin béèrè pé, "Ṣé ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ ni pé ẹnìkan ní Lọ́ńdọ̀nù lè fi ohùn ìyá mi polówó ọṣẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, bó bá ṣáà ti dárúkọ ẹni tó gbà á sílẹ̀. Wọ́n ní ó tì. Apá kẹsàn-án kò sí níbẹ̀. Ó wà lórí fóònù mi, ó wà lórí dírááfù méjì, ó wà nílé ìyá mi.

Àbúrò mi kò pè mí fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn. Owó ìrànwọ́ yẹn náà kò bọ́ sí i.

Ọjọ́ tó wá pè, ayọ̀ wà lóhùn rẹ̀. Ó ní akọ̀ròyìn kan ti Ìbàdàn wá sí Àkànrán. Àyà mi là gàgà. Mo ní, kí ló wá kọ? Ó ní ọ̀nà tó bàjẹ́ ni. Ó ní ó wá ya fọ́tò kòtò, ó bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀, ó sì fẹ́ máa lọ. Mo ní, o ò sọ fún un nípa podcast ni? Ó ní òun sọ. Ọkùnrin náà ní ó dáa o, àmọ́ ọ̀gá òun kò ní gbà á.

Mo ní, kí lo wá ṣe?

Ó ní, "Mo gbé páálí mi síwájú rẹ̀. Mo ní kó sọ bó ṣe di akọ̀ròyìn. Apá kẹrìnlélógún nìyẹn, Bọ̀dá mi. Ẹ gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó sùn."